Bí A Ṣe Ń Mú Ìràwọ̀ Onírù Tó Fara Jọ Òkúta Lásán: Ìtọ́sọ́nà fún 169P/NEAT

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi awò awọ̀nàjíjìn wo ojú ọ̀run máa ń bá mi sọ: "Mo gbé awò síbi tí wọ́n ní ìràwọ̀ onírù náà wà, mo ya fọ́tò, n kò rí nǹkan kan." Mo máa ń ní kí wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó wà níbẹ̀. Ìrù ni wọ́n ń wá, tàbí ohun tó rí bí òwú ìgbọ̀n tí wọ́n máa ń rí nínú àwòrán. Ohun tó sì wà níwájú wọn jẹ́ ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan péré, tí kò yàtọ̀ sí igba ìràwọ̀ tó yí i ká.

Àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí 169P/NEAT. Nígbà tí NEAT, ètò Amẹ́ríkà kan tó ń wá àwọn òkúta ojú ọ̀run tó ń sún mọ́ ayé, kọ́kọ́ rí i ní oṣù kẹta ọdún 2002, wọ́n kà á mọ́ ásítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn àwọn òkúta gbígbẹ tó ń yí oòrùn po, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi 2002 EX12. Ó di ọdún 2005 kó tó hàn pé ìràwọ̀ onírù ni, ìyẹn ohun oníyìnyín tí eruku àti gáàsì ń tú jáde lára rẹ̀. Bí ojú àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun bá lè fò ó fún ọdún mẹ́ta, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìnkùlé rẹ̀ má dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kò rí i lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni pé ìrìn rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìrísí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ìdí ìrìn múlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá béèrè bóyá ó ní ìkùukùu lórí (eruku àti gáàsì tó yí kókó rẹ̀ ká) tàbí ìrù lẹ́yìn. Ẹni tó bá yí i padà, tó kọ́kọ́ ń wá ìrù, òun ló ń padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀nà yìí náà ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ni 133P/Elst–Pizarro, tí wọ́n rí bí ásítẹ́rọ́ìdì ní ọdún 1979 tí ìrù rẹ̀ kò sì hàn títí di 1996. Òmíràn ni 107P/Wilson–Harrington, tí wọ́n rí bí ìràwọ̀ onírù ní 1949, tó sọnù, tí wọ́n tún rí bí ásítẹ́rọ́ìdì ní 1979, tó sì di 1992 kí wọ́n tó mọ̀ pé ohun kan náà ni.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Awò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán. Tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára.
- Kámẹ́rà tó ṣeé so mọ́ awò. Èyí tí kì í ya àwọ̀, tó sì ní ẹ̀rọ amúnitutù nínú, ló dára jù. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya ìgbéyàwó lè ṣe é bí ojú ọ̀run bá ṣókùnkùn dáadáa.
- Ẹsẹ̀ awò tó ní mọ́tò, tó lè máa tẹ̀lé ìràwọ̀ bí ayé ṣe ń yí.
- Láptọ́ọ̀pù àti sọ́fítíwìà: Stellarium fún àwòrán ojú ọ̀run, N.I.N.A. fún yíya fọ́tò, ASTAP fún dídá ibi tí fọ́tò ti wá mọ̀, Astrometrica tàbí Tycho Tracker fún ìwọ̀n.
- Íntánẹ́ẹ̀tì, kódà ti fóònù. Aago láptọ́ọ̀pù yín gbọ́dọ̀ pé, òun ni a sì fi ń tún un ṣe.
- Bátìrì tó lè gbé gbogbo rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin.

Tí ẹ kò bá ní awò, àwọn awò kan wà lórí òkè ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń fi wákàtí yá èèyàn lò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fo ìpele kẹta. Ìyókù kò yí padà.

Ẹ má gbára lé ojú lásán nídìí awò. Ìràwọ̀ onírù yìí máa ń ṣókùnkùn ju ohun tí ojú lè rí nínú awò 20 sẹ̀ǹtímítà lọ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn àjò rẹ̀. Kámẹ́rà ló lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ojú kò lè kó o jọ.

Ìpele kìíní: Ẹ yan alẹ́ tó yẹ

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì àbọ̀ ni 169P ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Ó sún mọ́ oòrùn jù ní oṣù keje ọdún 2022, èyí tó tún kàn sì bọ́ sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2026. Nígbà yẹn, ibi tó máa wà sí oòrùn á jẹ́ bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá jíjìn ayé sí oòrùn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé ìgbà tó sún mọ́ oòrùn ló mọ́lẹ̀ jù, wọ́n wá fi iṣẹ́ wọn sí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nítòsí oòrùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè jìnnà sí oòrùn ju bí 37 dígírì lọ ní ojú wa. Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tàbí ti àfẹ̀mọ́júmọ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, eruku ìsàlẹ̀ ọ̀run á sì parí ìyókù. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú tàbí tó tẹ̀lé e ni kí ẹ lé, nígbà tó bá ti jìnnà sí oòrùn tó 50 dígírì, bí ó tilẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ sí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú ọ̀run tó mọ́ jù ni ti àárín ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ àti ìgbà tí ọyẹ́ kò tíì dé. Eruku ọyẹ́ á jẹ́ kí ẹ rí òṣùpá, á jẹ́ kí ẹ rí Àgùàlà, ṣùgbọ́n ohun tíntìnnì kò ní jáde. Alẹ́ tó tẹ̀lé òjò ńlá dára púpọ̀, nítorí òjò ti fọ afẹ́fẹ́. Ní ti òṣùpá, ẹ má jáde nígbà tó bá ti kọjá ìlàjì, àyàfi tó bá ti wọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ya fọ́tò kan ṣoṣo fún 60 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ jẹ́ kí ASTAP sọ ìràwọ̀ tó ṣókùnkùn jù tó wà nínú rẹ̀. Nínú ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ohun náà ń ṣókùnkùn sí i. Tí ìràwọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 16 bá hàn nínú fọ́tò kan, alẹ́ náà tó lò. Tí 14 bá ni òpin, ẹ palẹ̀ mọ́, ẹ lọ sùn.

Ìpele kejì: Ẹ gba ibi tó máa wà sílẹ̀, kó pé

Mo máa pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí pé ẹni tó bá ṣe àṣìṣe níbí á fi gbogbo alẹ́ wo ibi tí kò sí nǹkan kan.

Minor Planet Center àti Horizons ti JPL ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe ìṣirò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ kọ 169P sínú àpótí ìwádìí. Ẹ má fi ti app fóònù ṣe ẹ̀rí. Ìràwọ̀ onírù yìí máa ń jìnnà dé ìtòsí ọ̀nà tí Júpítà ń gbà, Júpítà sì ń fà á. Ìṣirò tó ti wà nínú app láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn á ti yẹ̀. Kódà nínú Stellarium, ẹ gbọ́dọ̀ tún àkọsílẹ̀ àwọn ìràwọ̀ onírù gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lò ó.

Ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí gan-an, pẹ̀lú gíga rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà: Horizons máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àárín gbùngbùn ayé, bí ẹni pé inú ilẹ̀ lẹ ti ń wò. Fún ohun tó bá sún mọ́ wa, ìyàtọ̀ náà hàn kedere.

Ó tún ku ti aago. UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ni gbogbo wọn ń lò. Aago Nàìjíríà àti ti Benin fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, ti Togo bá a mu, ti Lọ́ńdọ̀nù sì ń yí láàárín ọdún. Àṣìṣe wákàtí kan ṣì ṣeé fara dà. Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ti ọjọ́. Aago 12:40 òru ọjọ́ 15 ní Ìbàdàn, 23:40 ọjọ́ 14 ni ní UTC. Ẹni tó bá kọ ọjọ́ 15 ti fi odindi ọjọ́ kan ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. A pín dígírì kan ojú ọ̀run sí ọ̀nà 3,600, a sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì igun. Ká ní ìràwọ̀ onírù náà ń rin sẹ́kọ́ńdì igun 2.4 ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí kan, ó ti rin 144; ní ọjọ́ kan, ó ti rin 3,456, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì kan gbáko. Ó ti kúrò nínú fọ́tò yín pátápátá.

Ẹ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sórí ìwé, kì í ṣe sínú fóònù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́ yín lójú lóru: ibi tó wà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, bí ó ṣe ń yára tó, igun tó ń rìn sí (láti àríwá, gba ìlà-oòrùn, ni a ti ń kà á), ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, àti nọ́ńbà méjì tí Horizons ń pè ní PsAng àti PsAMV. Méjì ìgbẹ̀yìn yìí ni igun tó yẹ kí ìrù wà. Ẹ máa nílò wọn ní ìpele kẹfà.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà. Horizons lè fún yín ní méjì, T àti N. T ni ìmọ́lẹ̀ gbogbo rẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú ìkùukùu orí. N ni ti kókó inú rẹ̀ nìkan. Ìràwọ̀ onírù tó jọ òkúta kì í ní ìkùukùu púpọ̀, nítorí náà N ni kí ẹ fi múra sílẹ̀ nígbà tó bá wà níbẹ̀. Ẹni tó fi T múra á rò pé ohun tó mọ́lẹ̀ lòun ń wá, á sì fo ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tíntìnnì náà kọjá bí ẹni pé kò sí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ béèrè ibi tó wà ní ìṣẹ́jú kan náà lọ́wọ́ Minor Planet Center àti Horizons. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju sẹ́kọ́ńdì igun díẹ̀ lọ. Tí ó bá jìnnà síra, ẹ tún ọjọ́, aago àti ibi tí ẹ dúró sí wò. Ọ̀kan nínú wọn ti yẹ̀.

Ìpele kẹta: Ẹ mú kí awò dúró

Ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù á ní kí ẹ fi Polaris, ìràwọ̀ àríwá, to ẹsẹ̀ awò. Fún ẹni tó wà ní Ìsẹ́yìn tàbí Abẹ́òkúta, Polaris kò ga ju dígírì méje tàbí mẹ́jọ lọ sókè ilẹ̀. Igi, ilé aládùúgbò tàbí èéfín ìsàlẹ̀ ọ̀run ló sábà máa ń bò ó. Ẹ má fi wákàtí kan wá a. N.I.N.A. ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Three Point Polar Alignment, tó máa ń ya fọ́tò mẹ́ta níbikíbi lójú ọ̀run, tó sì ń sọ fún yín bí ẹ ó ṣe yí ẹsẹ̀ awò. Òun ni mò ń lò, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́? Mo ti fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tún awò ṣe torí pé gbogbo ìràwọ̀ mi ń rí gbọọrọ bí ẹyin. Mo tú lẹ́ńsì, mo tún un so, kò yí padà. Ìgbà tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ tó wà ní igun ilé ni ìràwọ̀ di róbótó, láàárín fọ́tò kan sí èkejì. Kọnkéré kan náà ni ẹsẹ̀ awò àti jẹnẹrétọ̀ jọ dúró lé, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ náà, orí ilẹ̀ lásán ni mò ń gbé ẹsẹ̀ awò lé, bátìrì ni mo sì ń lò.

Ìrì náà wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí aago kan òru, ẹ fi iná pupa tín-ín-rín wo ojú awò. Tí ó bá ti rí bí gíláàsì omi tútù, ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ ó ha á. Ẹ fi bẹ́líìtì gbígbóná tí wọ́n ń tà fún un sí i, tàbí kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ya fọ́tò mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún 60 ìṣẹ́jú àáyá. Kí ìràwọ̀ rí róbótó ní àárín àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sọ́fítíwìà á kọ nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ FWHM, ìyẹn ìbú ìràwọ̀. Ẹ yí ojú awò títí tí nọ́ńbà náà kò fi lè kéré sí i mọ́. Sẹ́kọ́ńdì igun mẹ́ta sí mẹ́rin dára. Kí aago láptọ́ọ̀pù má sì ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ sí aago íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìpele kẹrin: Ẹ ya fọ́tò púpọ̀, kó má pẹ́

Àwọn èèyàn máa ń rò pé bí ohun kan bá ṣókùnkùn, kí a kàn ṣí kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fún ìràwọ̀, òótọ́ ni. Fún ohun tó ń rìn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kàn fọ́nká sórí ọ̀pọ̀ píksẹ̀lì (àwọn ojú tíntìnnì tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀), kò sì ní mọ́lẹ̀ sí i níbì kankan. Ohun tó yẹ ni pé kí ó má rìn ju ìbú ìràwọ̀ kan lọ nínú fọ́tò kan. Ẹ mú ìbú ìràwọ̀, ẹ fi ìyára rẹ̀ pín in. Tí ìràwọ̀ bá fẹ̀ tó sẹ́kọ́ńdì igun 3, tí nǹkan náà sì ń rin 2.4 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan ó lé ìdá mẹ́rin ni òpin. Ẹ lo 60 ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹ ya méjìlá, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tún ya méjìlá, ẹ sinmi bẹ́ẹ̀, ẹ tún ya méjìlá. Mẹ́rìndínlógójì ni. Tí a bá to mẹ́rìndínlógójì léra, ohun tí a ń wá á yọ ju ariwo kámẹ́rà (àwọn àmì asán tó máa ń wà nínú fọ́tò) lọ ní ìlọ́po mẹ́fà ti fọ́tò kan, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ méjì. Ohun tó jẹ́ 16 ni òpin rẹ̀ nínú fọ́tò kan á wá dé ìtòsí 18.

Ìràwọ̀ ni kí awò máa tẹ̀lé, ẹ má ní kó tẹ̀lé ìràwọ̀ onírù. Kí ẹ sì jẹ́ kí N.I.N.A. máa sún awò díẹ̀ láàárín fọ́tò, sí ibi tí kò létò. Ẹ má fo èyí. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, ẹ fi ìdérí bo awò kí ẹ ya ogún fọ́tò òkùnkùn fún 60 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì ya ogún sí ojú ọ̀run àfẹ̀mọ́júmọ́ láti mọ ibi tí eruku wà lára lẹ́ńsì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ṣí fọ́tò àkọ́kọ́ àti ti ìgbẹ̀yìn nínú ASTAP. Kí méjèèjì fi ibi kan náà lójú ọ̀run hàn, kí ibi tí ẹ kọ sórí ìwé sì wà láàárín wọn, kì í ṣe ní etí.

Ìpele karùn-ún: Ẹ fi ìrìn wá a

Tí ó bá mọ́lẹ̀ tó, ẹ mú fọ́tò kan láti inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí Astrometrica máa pààrọ̀ wọn lójú yín, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, bí ojú tó ń ṣẹ́. Gbogbo ìràwọ̀ á dúró. Ẹyọ kan á máa fò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe àwọn ará ilé jáde láàárín òru. N kò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ju pé kí wọ́n wò ó, ó ń lọ.

Tí kò bá hàn bẹ́ẹ̀, ẹ lo ohun tí Astrometrica ń pè ní Track & Stack. Ẹ fún un ní ìyára àti igun tí ẹ kọ sórí ìwé, á sì to fọ́tò méjìlá ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan léra bí nǹkan náà ṣe ń rìn. Ìràwọ̀ á di ìlà kúkúrú, òun á di ẹyọ. Ẹ ṣe é fún ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó pààrọ̀ wọn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo lé ẹyọ kan fún alẹ́ méjì. Ó ń rìn gbọnrangandan, ìyára rẹ̀ kò yí padà, inú mi dùn débi pé mo ti ń kọ ìwé ìròyìn. Ní ọjọ́ kẹta, mo fi àmì kọ̀ǹpútà lé e nínú fọ́tò tí a kò tíì tò, mo sì wo nọ́ńbà píksẹ̀lì rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni nínú gbogbo fọ́tò. Píksẹ̀lì kan tó ti bàjẹ́ nínú kámẹ́rà ni. Ẹsẹ̀ awò mi ló ń yọ́ rìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí sọ́fítíwìà sì fi ìràwọ̀ to fọ́tò léra, píksẹ̀lì náà ló wá dà bí ẹni tó ń rìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa sún awò láìlétò: píksẹ̀lì tó bàjẹ́ á máa fò kiri, kò ní rìn lójú kan.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ tún to fọ́tò kan náà léra, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní igun òdì. Ohun tó wà lóòótọ́ á fọ́nká, á sì parẹ́. Tí ẹyọ yín bá ṣì dúró digbí, kì í ṣe òun.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Ìyára àti igun gbọ́dọ̀ bá ti Horizons mu, kí ìyàtọ̀ igun má ju dígírì díẹ̀ lọ. Kí ẹ sì wo MPChecker lórí ojú òpó Minor Planet Center, bóyá ásítẹ́rọ́ìdì mìíràn ń kọjá níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ìpele kẹfà: Òkúta ni àbí ìràwọ̀ onírù?

Iṣẹ́ tó ku nìyí, òun sì ni àwọn tó rí 2002 EX12 kò rí ṣe ní ọdún àkọ́kọ́. Ojú kò tó o. Ìwọ̀n ni.

Ẹ to gbogbo mẹ́rìndínlógójì léra lọ́nà méjì: ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ìràwọ̀, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ìrìn ìràwọ̀ onírù. Nínú àkọ́kọ́, ẹ wá ìràwọ̀ márùn-ún tí ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tirẹ̀ dọ́gba, ẹ kọ ìbú wọn. Nínú èkejì, ẹ kọ ìbú tirẹ̀. Tí ìràwọ̀ bá jẹ́ 3.0, 3.1, 2.9, 3.0, 3.2, tí òun náà sì jẹ́ 3.1, kò sí ìkùukùu tí awò yín lè rí. Tí òun bá jẹ́ 3.9, nǹkan wà níbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ 3.3, ẹ má sọ ohunkóhun. Ẹ dúró de alẹ́ mìíràn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a fi ìràwọ̀ ńlá tó mọ́lẹ̀ gan-an wé e. Kí ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba ni kí ẹ rí sí. Àṣìṣe kejì ni kí ìyára tí ẹ fún sọ́fítíwìà má pé: ẹyọ náà á fẹ̀ sí ọ̀nà ìrìn rẹ̀, ẹ ó sì pè é ní ìkùukùu. Ìbú tòótọ́ kì í fi ọ̀nà ìrìn nìkan ṣe.

Fún ìrù, ẹ mú PsAng àti PsAMV jáde. Eruku tó ń kúrò lára ìràwọ̀ onírù máa ń na ìrù rẹ̀ sí òdìkejì oòrùn, tàbí kó dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà tó ti gbà kọjá, tàbí sáàárín méjèèjì. Tí ohun tí ẹ rí bá na ọwọ́ sí ibòmíràn, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan tó ta sínú lẹ́ńsì ni, tàbí gálákísì kan, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ tó jìnnà réré, tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sì retí ìkùukùu kí ẹ tó gbà pé ìrù wà. 133P kò ní ju ìrù tín-ín-rín bí okùn lọ nígbà tí wọ́n rí i ní 1996, orí rẹ̀ sì rí bí ìràwọ̀ lásán.

Tí 169P bá rí bí òkúta gbígbẹ lójú yín, ẹ rántí pé eruku rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ìràwọ̀ tó ń já ní ìparí oṣù keje lọ́dọọdún, tí wọ́n ń pè ní alpha Capricornids, tí wọ́n máa ń lọ jẹ́jẹ́ tí àwọn kan nínú wọn sì ń mọ́lẹ̀ rokoṣo, ara rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti tọpa wọn dé. Bí ìkùukùu òjò bá là lálẹ́ kan nígbà yẹn, ẹ jókòó síta. Kò gba awò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ pín fọ́tò sí méjì, mẹ́jìdínlógún àkọ́kọ́ àti mẹ́jìdínlógún ìkẹyìn. Ìbú tàbí ìrù tó bá jẹ́ òtítọ́ á hàn nínú méjèèjì, ní igun kan náà.

Ìpele keje: Ẹ fi ránṣẹ́

Fún ibi tó wà, Minor Planet Center ló ń gbà á. Wọ́n máa kọ́kọ́ ní kí ẹ wọn àwọn ásítẹ́rọ́ìdì tí ọ̀nà wọn ti dájú, láti mọ̀ pé ọwọ́ yín pé, kí wọ́n tó fún yín ní kóòdù ibùdó yín. Ẹ má bínú sí i. Fún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, COBS, ibi tí wọ́n ń kó ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ onírù jọ sí ní Slovenia, ni, ẹnikẹ́ni sì lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Àárín àkókò tí kámẹ́rà fi ṣí ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ kọ awò, kámẹ́rà, iye fọ́tò, àti bí ojú ọ̀run ṣe rí.

Tí kò bá ní ìkùukùu, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ń jù ú nù. Alẹ́ tí 169P rí bí ìràwọ̀ lásán ṣe pàtàkì bí alẹ́ tó ní ìrù, nítorí ọjọ́ tí ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó tán ni àwọn tó ń ṣírò ń wá, kò sì sí ẹni tó lè mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó kọ̀wé pé lánàá kò tíì sí.

Ní alẹ́ kejì, ẹ tún gbé awò padà sí ibi tí ẹ ti rí i lánàá, ní wákàtí kan náà, kí ẹ ya fọ́tò méjìlá. Òun ti lọ. Ẹ to wọn léra, ẹ wo ibi tí ìkùukùu yín wà. Tí ohun fúlẹ́fúlẹ́ kan bá ṣì jókòó síbẹ̀, gálákísì ni ẹ wọ̀n, kí ẹ kọ̀wé lọ́gán pé kí wọ́n yọ ìwọ̀n náà kúrò. Tí ibẹ̀ bá ṣófo, tí kò sí nǹkan kan bí kò ṣe òkùnkùn àti àwọn ìràwọ̀ àná, ìwọ̀n yín dúró.